Hítà tí kì í gbóná lálẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá oníná. Láti aago 7 alẹ́, ńṣe ni omi hítà wa ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀, máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Tó bá dòru, á gbóná janjan. Ṣé kí n ra òmíràn? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fowó yín sápò ná (ẹni tó ń tà á kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín). Iná ló ń wálẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń lò ó. Hítà 2000 wáàtì lórí iná 230 fólítì, bí iná bá já sí 160, kò ní ju bíi 970 wáàtì lọ. Ẹ máa tàn án lọ́sàn-án. Àmọ́ bó bá tún ń kùn bí ìkòkò àgbàdo, ìpẹ́ (ìdọ̀tí líle tí omi kànga máa ń fi sílẹ̀ bó bá ń hó) ti lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Ẹ paná rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣí i.