Bí méjèèjì bá jẹ́ int, mypy ò ní rí i

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè pé bí èèyàn bá to argument function (àwọn nǹkan tí à ń kó fún un) lódì, ṣé mypy, irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù Python wò kó tó ṣiṣẹ́, lè rí i kí kóòdù tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà. Ó lè rí i, àmọ́ ó dọwọ́ bí ẹ bá ṣe kọ function ọ̀hún. Ìyà rẹ̀ ti jẹ mí rí.

Python ni mò ń kọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. `fi_owo(onibara, iye)` ló ń fi owó sí àkáǹtì. Níbì kan, mo pè é báyìí: `fi_owo(iye, onibara)`. Ìyá kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1500 san 2000 náírà. Kóòdù mi gbé 1500 náírà fún oníbàárà 2000. Kò sí error, torí oníbàárà 2000 wà lóòótọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni màmá yẹn fi ń sọ pé òun ti sanwó, tí à ń sọ fún wọn pé a ò rí i. Ó ṣì ń dùn mí. Test mi náà ò rí nǹkan kan: `fi_owo(100, 100)` ni mo kọ síbẹ̀!

Mo sáré gbé mypy wá. Ó ní kò séwu. Mi ò mọ̀ pé function tí a ò bá kọ type (irú nǹkan tí argument kọ̀ọ̀kan jẹ́) sí, kì í yẹ inú rẹ̀ wò, àfi tí ẹ bá fi `--check-untyped-defs` sí i. Mo kọ `int` (nọ́ńbà odidi) sí méjèèjì, ó tún dákẹ́. Int ni nọ́ńbà, int ni owó. Kí ló fẹ́ fi dá wọn mọ̀?

`NewType` tó wà nínú `typing` ló gbà mí:

`Onibara = NewType("Onibara", int)`
`Naira = NewType("Naira", int)`

Tí kóòdù bá ń ṣiṣẹ́, int lásán ni wọ́n, àmọ́ lójú mypy wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo fi wọ́n rọ́pò `int` nínú function náà, lọ́tẹ̀ yìí ó kọ ọ́ jáde: `Argument 1 to "fi_owo" has incompatible type "Naira"; expected "Onibara"`. Ó tún rí òmíràn nínú kóòdù tó ń dá owó padà, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àyà mi já.

Ẹ ṣọ́ra o: ibi tí nọ́ńbà ti ń wọlé ni kí ẹ ti sọ ọ́ di `Onibara`. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ fẹ́ pe function, tí ẹ wá kọ `fi_owo(Onibara(iye), Naira(onibara))`, mypy á gbà yín gbọ́.

Ní báyìí, mo máa ń fi ìràwọ̀ ṣíwájú, `def fi_owo(*, onibara: Onibara, iye: Naira)`, kó lè di dandan fún ẹni tó bá ń pè é láti dárúkọ èwo ni èwo.