Kí ni ìtumọ̀ “Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù”?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ tí wọ́n ń pa á lówe pé, “Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù.” Kí ló túmọ̀ sí, kí sì ni àgùàlà?

Ìdáhùn: Oṣù inú òwe yìí, òṣùpá ni. Orúkọ kan náà la fi ń pe oṣù tí a ń kà, torí pé láti ìgbà tí oṣù bá lé dé ìgbà tí òmíràn yóò lé, ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni. Àgùàlà ni ìràwọ̀ tó máa ń mọ́lẹ̀ rokoṣo ní ìwọ̀ oòrùn bí ilẹ̀ bá ń ṣú, tàbí ní ìlà oòrùn nídàájí. Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Venus.

A máa ń pa òwe náà fún ẹni tó bá ń fojú ọmọ ọ̀dọ̀ wo ẹni tó kàn ń bá ọlọ́lá rìn.

Bí a bá sì wo ojú sánmà, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ayé ni òṣùpá ń yí po, nǹkan bíi kìlómítà 384,400 sì ni ó fi jìnnà sí wa. Oòrùn ni àgùàlà ń yí po ní tirẹ̀, ọjọ́ 225 ló fi ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá súnmọ́ wa jù lọ pàápàá, ó ṣì jìnnà tó ìlọ́po 100 ibi tí òṣùpá wà. Bí a bá ń wá ẹni tó ń tọ ẹlòmíràn lẹ́yìn bí ajá, òṣùpá gan-an ni, ayé sì ni olówó rẹ̀. Àgùàlà kò tilẹ̀ ní òṣùpá kankan.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Lọ́jọ́ tí oṣù tuntun bá lé sí tòsí àgùàlà, ẹ na apá gbọọrọ, ẹ di ìkúùkù, kí ẹ fi wọn àyè àárín wọn. Ìbú ìkúùkù kan tó dígíírì 10. Ní àkókò kan náà lọ́jọ́ kejì, òṣùpá á ti sún sókè ju ìkúùkù kan lọ, àgùàlà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó wà lánàá. Ó di nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n tó tún pàdé. Ìpàdé yẹn náà kì í rí bákan náà: ọ̀nà òṣùpá fi nǹkan bíi dígíírì 5 tẹ̀ sí ọ̀nà ayé, torí náà ó lè gba iwájú àgùàlà kọjá kó bò ó pátápátá, ó sì lè gba ọ̀nà jíjìn kọjá lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni òṣùpá àrànmọ́jú. Wọ́n á nawọ́ sí ìràwọ̀ ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín òru pé àgùàlà nìyẹn. Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn ju dígíírì 47 lọ, kò tó ìkúùkù márùn-ún. Bí oòrùn bá wọ̀, òun náà kì í lò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ kó tó wọ̀. Òṣùpá tó kún ńkọ́? Òdìkejì oòrùn ló máa ń wà. Júpítà ni ìràwọ̀ tí wọ́n rí yẹn sábà máa ń jẹ́.