Ṣé Àgbẹ̀ Lè Di Aṣòfin Nílùú Ọba?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní lébìrà oko kan di aṣòfin níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló gbé e débẹ̀, nígbà tí kò lówó?

ÌDÁHÙN: Àrokobọ́dún o! Òótọ́ ni. Joseph Arch lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1826 ni wọ́n bí i ní abúlé Barford, ní Warwickshire. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹyẹ lóko olóko, pẹ́nì mẹ́rin lóòjọ́. Nígbà tó dàgbà, ó ń gé igi tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko ká, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gé bíi tirẹ̀. Ó tún ń wàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé tó ń gbé dáadáa. Inú ilé olóko ni ọ̀pọ̀ lébìrà ń gbé. Ẹni tó bá ráhùn pé owó iṣẹ́ kéré, wọ́n á lé òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ síta. Ilé ìdílé ni ti Arch. Kò sí olóko tó lè kó ẹrù rẹ̀ jáde. Lójú tèmi, ilé kékeré yẹn ló jẹ́ kó lè la ẹnu.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1872 ni àwọn lébìrà ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní Wellesbourne. Èèyàn díẹ̀ ló rò pé òun máa bá. Èrò tó bá níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ. Wọ́n fi ọ̀pá gbé fìtílà kọ́, ó gun orí àpótí lábẹ́ igi, ó sì sọ̀rọ̀. Lóṣù Karùn-ún, wọ́n dá ẹgbẹ́ lébìrà oko gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní Leamington, wọ́n sì fi í ṣe olórí. Kò tó ọdún mẹ́ta tí ọmọ ẹgbẹ́ fi lé ní 80,000.

Òfin ọdún 1884 ló wá fún púpọ̀ nínú ọkùnrin ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ ìbò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn lébìrà yìí ló dìbò gbé Arch wọlé fún ìwọ̀-oòrùn àríwá Norfolk. Agbègbè yẹn ni ilẹ̀ Sandringham wà, ilẹ̀ Àrẹ̀mọ Ọbabìnrin Victoria! Ó fìdí rẹmi ní 1886, ó padà wọlé láti 1892 títí di 1900.

Ní ti owó, aṣòfin kì í gba owó oṣù nígbà náà. Ọdún 1911 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Mo gbà pé ìyẹn ló dínà mọ́ ọ̀pọ̀ lébìrà tí ì bá tẹ̀ lé e wọlé.