Èsì: Ìrora nígbà ìbálòpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ

Arábìnrin mi, ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti bímọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ìbálòpọ̀ ti ń dùn yín, tí ojú ara sì máa ń ta yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ máa fara dà á. Ẹ má ṣe fara dà á. Nígbà tí obìnrin bá ń fọ́mọ lọ́mú, èròjà ara tí à ń pè ní estrogen máa ń dínkù, ojú ara a sì gbẹ, awọ rẹ̀ a fẹ́lẹ́. Ìpara ìbálòpọ̀ tí a fi omi ṣe lè ràn yín lọ́wọ́ (òróró lásán máa ń ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́). Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún ni ó ti ń dùn yín, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí ibà tàbí omi olóòórùn bá wà níbẹ̀, ẹ tètè lọ rí dókítà, kí ó lè yẹ ọrùn ilé ọmọ wò, kí ó sì mọ̀ bóyá àkóràn ni. Ẹ sọ ibi tí ó ti ń dùn gan-an fún un, kí ẹ sì mẹ́nu ba ojú ọgbẹ́ tí wọ́n bá rán nígbà ìbímọ. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ lè ní dókítà obìnrin ni ẹ fẹ́ rí.