Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó ìjọba fún ìwádìí ohun tó ń fò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Mọ́líipa, Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan ti ń ṣe drónù tí a fẹ́ kó máa bá àwọn olóko obì wo igi wọn láti òkè. Ó ti ń fò, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í gbé e ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston sọ fún mi pé ìjọba Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ NASA, àjọ wọn tó ń rí sí ìwádìí òfúrufú, ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lówó láti ṣe irú ìwádìí báyìí, wọn kì í sì í gbà á padà. Ẹnì kan nílùú wa níbí ti ní kí n mú ₦120,000 wá kí òun bá mi forúkọ sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè rí i gbà láti Ìjẹ̀bú? — Oníṣẹ́ ẹ̀rọ, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni náà. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ètò yìí lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó lè fi owó ra ẹ̀tọ́ tí òfin kò fún yín.

Ètò náà wà lóòótọ́, SBIR ni wọ́n ń pè é. Roland Tibbetts, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní àjọ ìjọba tó ń náwó sórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kékeré ní ọdún 1977. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1982, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Ohun tí òfin náà wí ni pé àjọ ìjọba èyíkéyìí tó bá ń gbé ìwádìí tí owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ síta lọ́dún gbọ́dọ̀ ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò ju 500 lọ. Apá náà ti di dọ́là 3.20 nínú dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan báyìí.

Níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ti sọ pé wọ́n ń “fún” èèyàn lówó, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti là á yé ara wa. Kì í ṣe owó àánú, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó; ní ti NASA, iṣẹ́ àgbàṣe ni. NASA fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọ ìṣòro tó ń dà á láàmú síta, kí àwọn oníṣẹ́ tó wá sọ bí wọ́n ṣe rò pé àwọn lè yanjú rẹ̀. Ẹni tí àbá rẹ̀ bá wọlé ní ìpele kìíní ń gba owó díẹ̀ láti fi hàn pé ohun tó wí ṣeé ṣe. Nínú ìpè ọdún 2023, kò ju 150,000 dọ́là lọ, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì fún un láti fi ṣe é. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ lè béèrè fún ìpele kejì, tí owó rẹ̀ tó 850,000 dọ́là fún oṣù 24, láti ṣe ohun náà jáde kó ṣeé fojú rí. Ìpele kẹta kò ní owó SBIR nínú rárá: ọjà ni ó kù, yálà NASA ló máa rà á ni o, tàbí ẹlòmíràn.

Ẹ ó gbádùn àpẹẹrẹ yìí, nítorí irinṣẹ́ tí ẹ ń mú lọ́wọ́ lójoojúmọ́ wà nínú rẹ̀. Bí irinṣẹ́ kan bá kán mọ́ àwọn tó ń gbé ní ibùdó òfúrufú àgbáyé lọ́wọ́, wọ́n ní láti dúró de rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé òmíràn bọ̀ láti ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní California, Made In Space, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, sọ pé àwọn lè ṣe ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lé orí ara wọn, ní ibi tí ohunkóhun kì í ti í já bọ́ sílẹ̀. Owó SBIR wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ náà dé òkè. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ náà lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Ní oṣù kejìlá, wọ́n fi àwòrán sípánà kan ránṣẹ́ láti ilẹ̀, ẹ̀rọ náà sì mọ sípánà ọ̀hún jáde lókè lọ́hùn-ún.

Ṣé ẹ lè rí i gbà láti Ìjẹ̀bú? Rárá. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń béèrè gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ó gbọdọ̀ jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ náà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé ló ni èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ṣe ìwádìí náà. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ní ìwé yẹn, ó lè dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó sì béèrè, ṣùgbọ́n kó má fi orúkọ ara rẹ̀ bo iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ní Mọ́líipa, nítorí ẹ̀wọ̀n wà nínú irọ́ bẹ́ẹ̀. Kí òun náà kọ́kọ́ wádìí bóyá ètò náà wà lẹ́nu iṣẹ́, torí àṣẹ tó gbé e ró tán ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ilé aṣòfin ló sì ní agbára láti sọ ọ́ dọ̀tun.

Síbẹ̀, ẹ lè ṣe ìpele kìíní yín nílé. Mo fẹ́ kí ẹ ra ìwé kan kí ẹ máa kọ gbogbo fífò drónù náà sínú rẹ̀. Ẹ gbé bátìrì sórí òṣùwọ̀n, ẹ kọ ìwúwo rẹ̀. Ẹ fò ó láàárọ̀ kùtù, ẹ tún fò ó ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ kọ ìṣẹ́jú tó lò àti bí atẹ́gùn ṣe rí. Bó bá ti balẹ̀, ẹ fọwọ́ kan bátìrì náà: bó bá gbóná débi pé ẹ kò lè dì í mú, apá kan nínú iná tó yẹ kó gbé drónù yín fò ló ti di ooru yẹn. Ẹ má sì kàn sáré fi bátìrì kejì kún un, nítorí ìwúwo yóò pọ̀ sí i, púpọ̀ nínú iná tuntun náà yóò sì lọ sórí gbígbé ara rẹ̀.

Ní ti owó, ti Bank of Industry, ẹ̀yáwó ni. Owó ìwádìí TETFund wà fún àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, nítorí náà, ìwé tí ẹ ti kọ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé lọ bá onímọ̀ fisíìsì kan ní Àgọ́-Ìwòyè, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀. Ẹ má sì gbàgbé ìwé àṣẹ drónù lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí SBIR, mo tún rí STTR. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: STTR, ètò owó ìwádìí Amẹ́ríkà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, kò gbà kí ilé-iṣẹ́ kékeré dá wá. Ó gbọ́dọ̀ mú yunifásítì tàbí ilé ìwádìí tí kì í ṣe ti èrè lọ́wọ́: ilé-iṣẹ́ yóò ṣe ó kéré tán 40 nínú 100 iṣẹ́ náà, ilé ìwádìí yóò ṣe ó kéré tán 30.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí ìjọba yóò fi owó ìlú ṣe ìwádìí fún oníṣòwò? Bí kò bá yọrí ńkọ́? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, sà. Bí kò bá yọrí ní ìpele kìíní, owó kékeré ló bá a lọ. Ìdí tí wọ́n fi pín in sí ìpele nìyẹn. Bó bá sì yọrí, ilé-iṣẹ́ náà ló ni ohun tó hùmọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti lò ó fún iṣẹ́ tirẹ̀ láìsan owó àṣẹ mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ wa kò ṣaláìmọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ló fọwọ́ ara wọn to sátẹ́láìtì NigeriaSat-X pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbéra lọ sókè ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Àwọn ará FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, náà lọ́wọ́ nínú sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1, tó lọ ní ọdún 2017. Ohun tí mi ò tíì rí ni kí ìjọba wa kọ ìṣòro tirẹ̀ síta, kó sì sọ pé ẹni tó bá yanjú rẹ̀ ni òun yóò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápákọ̀ òfúrufú sáàárín Ìperu àti Ìlíṣàn, ní ẹ̀gbẹ́ ilé yín. Ó lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la: báwo ni a ṣe lè lé ẹyẹ kúrò lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà gbéra, báwo ni a ṣe lè tètè mọ̀ pé ọyẹ́ ti bo ojú òfúrufú? Kó kọ méjèèjì síta, kó fi iye owó àti oṣù mẹ́fà sí i, kó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ Mọ́líipa náà gbé ìwé rẹ̀ wá.