Pawa báǹkì 50,000 mAh lówó pọ́ọ́kú: ṣé kí n rà á?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Ọmọ mi ló bá mi gbé áàpù ìrajà Temu sórí fóònù, láti ìgbà náà ni mo ti ń kó nǹkan sínú agbọ̀n ìrajà ibẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ báyìí ni pawa báǹkì 50,000 mAh kan, ẹ̀kísténṣọ̀n oníhò mẹ́jọ, ṣájà fóònù méjì, fúláàṣì 2TB tí mo fẹ́ máa kó iṣẹ́ ilé ìwé sí, yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn fún ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, sálúbàtà, aṣọ tábìlì, àti ike tí mo fẹ́ fi to ilé ìdáná. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò tó iye tí wọ́n dá lé pawa báǹkì gidi kan fún mi lọ́jà. Ọkọ mi ní gbájúẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun ti rà níbẹ̀, ọjà òun sì dé láìsí wàhálà. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀, kí sì ni kí n yọ kúrò kí n tó sanwó?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ náà, Mà. Ọkọ yín kò parọ́, ọ̀rẹ́ yín náà kò parọ́. Bí mo bá máa ta tẹ́tẹ́, màá ní aṣọ tàbí nǹkan ilé ìdáná ni ọ̀rẹ́ yín rà, nǹkan oníná ló sì wà lọ́kàn ọkọ yín.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Mò ń wáyà ilé, mo sì ń tún ínfátà àti ṣájà ṣe, ibẹ̀ ni mo ti máa dá yín lóhùn. Bí oníbàárà bá fi àwòrán ọjà hàn mí lórí fóònù, mi ò kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé bí nǹkan yìí bá jẹ́ irọ́, kí ló máa bá a lọ? Bí ike ìdáná bá sán, ike ló sán. Bí ẹ̀kísténṣọ̀n bá jẹ́ irọ́, ilé lè bá a lọ. Ẹ fi ìbéèrè yẹn wo agbọ̀n yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ara ẹ̀ sí méjì.

Kì í ṣe olè ló mú kí ọjà wọn pọ́ọ́kú. Ilé iṣẹ́ PDD Holdings ti Ṣáínà ló ni Temu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n sì dé Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹni tó ń ṣe ọjà máa ń kó o lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Ṣáínà, Temu fúnra wọn ló sì máa ń dá iye lé e, tí wọ́n á gbé e ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo iye èèyàn tó ti jáde láàárín: ẹni tó wọ bàlúù lọ Guangzhou lọ rajà, ẹni tó gba kọ̀ntẹ́nà jáde ní Àpápá, alágbàtà Alaba, títí dé onísọ́ọ̀bù ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta yín tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Èrè oníkálukú wọn ti kúrò lórí ọjà náà.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe jáde ni ẹni tí ẹ lè lọ bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì náà jáde. Onísọ́ọ̀bù Kútọ̀ mọ̀ pé ẹ mọ ibi tí òun jókòó sí. Àyẹ̀wò náà tún yàtọ̀. Àwọn ẹ̀rọ iná tí wọ́n ń kó wọlé láti tà gbọ́dọ̀ ní ìwé SONCAP, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ọjà dé òṣùwọ̀n, tí àjọ SON ń bójú tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ̀ pé jágbajàgba ṣì ń yọ́ wọlé. Páálí kékeré tí ẹnì kan rà fún ìlò ara rẹ̀ kì í gba ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yin gan-an ni àyẹ̀wò tó kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo pawa báǹkì yẹn. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ bó ṣe wúwo sí lábẹ́ àwòrán ẹ̀. Pawa báǹkì 10,000 mAh tó jẹ́ òótọ́ máa ń tó nǹkan bí 200 gíráàmù, torí bátìrì inú ẹ̀ ló ní ìwọ̀n, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Èyí tó bá jẹ́ 50,000 lóòótọ́ yẹ kó sún mọ́ kílò kan, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kọ 250 gíráàmù síbẹ̀, wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ fún yín pé irọ́ ni. Bí wọn ò bá sì kọ ìwọ̀n kankan, ẹ máa lọ. Bó bá tilẹ̀ wúwo, ẹ má tíì yọ̀, torí nínú àwọn tí wọ́n ti tú, wọ́n ti bá yanrìn àti irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kó lè tẹ̀wọ̀n lọ́wọ́.

Nǹkan kejì ni bàlúù. Tí ẹ bá sọ 50,000 mAh di wáàtì-wákàtí, ìyẹn òṣùwọ̀n tí àwọn oníbàlúù ń lò fún bátìrì, 185 ló máa jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bàlúù kì í jẹ́ kí èèyàn gbé pawa báǹkì tó ju 100 lọ wọlé láìgba àṣẹ, èyí tó bá sì ti kọjá 160, wọn ò ní gbà á rárá. Ẹni tó wá ń kọ ọ́ sábẹ́ 50,000 pé ẹ lè gbé e wọ bàlúù láìsí wàhálà, èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ká gbà? Lára pawa báǹkì tó dáa, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì: ńlá tó wà lójú páálí, àti kékeré tí wọ́n kọ "rated capacity" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kékeré yẹn ló sọ iye tó máa wọ fóònù gan-an. Lára 10,000, ó máa ń tó nǹkan bí 6,000. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ kékeré náà jáde kò bẹ̀rù kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Irọ́ nìkan kọ́ ni mo ń sá fún níbẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù tí kò ní pátákó ìdáàbòbò tó péye lè wú, ó sì lè gbiná, àwa sì fẹ́ràn láti máa fi pawa báǹkì sábẹ́ ìrọ̀rí sùn ní alẹ́ tí kò bá sí NẸ́PÀ. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ ra èyí tó ní ibi àtúnṣe nílé wa. Oraimo, bí àpẹẹrẹ, Carlcare ló ń bójú tó o, kóòdù tún máa ń wà lára páálí tí ẹ lè ha láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. (Wọn ò san kọ́bọ̀ fún mi o. Ibi tí mo lè dá ọjà padà sí ni mò ń wá.)

Ẹ̀kísténṣọ̀n oníhò mẹ́jọ ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo agbọ̀n yín, mo sì mọ̀ pé òun gan-an lẹ rò pé kò léwu. Ihò mẹ́jọ ń pe èèyàn láti ki nǹkan mẹ́jọ bọ̀ ọ́. Kẹ́tù oníná 2,000 wáàtì nìkan máa fa nǹkan bí áńpíà mẹ́sàn-án lórí iná 230 tiwa. Wáyà tó yẹ kó gbé áńpíà mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ tó 1.25mm, ó dáa kó jẹ́ 1.5mm. Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbé wá fún mi, 0.5mm tàbí 0.75mm ni mo máa ń bá lábẹ́ rọ́bà tó nípọn. Rọ́bà ló nípọn, wáyà inú ẹ̀ tín-ín-rín. 0.5mm kò yẹ kó gbé ju áńpíà mẹ́ta lọ, ẹ̀yin sì fẹ́ fi kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù sí i.

Bí ẹ bá ti ní irú ẹ̀ nílé, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ bó ẹnu wáyà ẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi máágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Kápà kì í lẹ̀ mọ́ máágínẹ́ẹ̀tì. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kápà ni. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi abẹ fá ara ẹ̀. Bó bá funfun nínú, alumíníọ́mù ni. Ẹ tún wo ẹnu ẹ̀ tó ń wọ ògiri. Pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, máa ń ní fíyúùsì nínú, òun ló máa kọ́kọ́ jó kí wáyà tó jó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀kísténṣọ̀n tí ihò wọn gba gbogbo oríṣi pulọ́ọ̀gì kò ní fíyúùsì kankan, ihò tó gba gbogbo ẹsẹ̀ kì í sì í di ìkankan mú dáadáa. Ìjókòó tí kò le ló ń mú kí iná máa ta páṣi-páṣi, tí ike á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù tó máa jẹ́ kí ẹ rí ẹnu wáyà kí ẹ tó sanwó, ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì tó yín.

Ṣájà kò jìnnà sí ìyẹn. Ohun tó ya iná NẸ́PÀ sọ́tọ̀ kúrò lára iná tó ń wọ fóònù wà nínú ike kékeré yẹn, ojú kò sì lè rí i láìtú u. Àmì kan wà tí ẹ lè mọ̀ nílé: bí fóònù bá wà lẹ́nu ṣájà tí ojú ẹ̀ ń tẹ ara ẹ̀, tó ń ṣí nǹkan tí ẹ ò ṣí, tó sì jáwọ́ nígbà tí ẹ yọ ọ́, iná ṣájà yẹn kò mọ́. Ẹ sọ ọ́ nù. Okùn ṣájà lásán ni ẹ lè rà lórí Temu, ìyẹn kò le.

Fúláàṣì 2TB ńkọ́? Kò ní jó ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ló máa jẹ. Wọ́n ti kọ́ ọpọlọ inú ẹ̀ láti purọ́. Kọ̀ǹpútà máa kà á sí 2TB nígbà tí àyè inú ẹ̀ lè má ju 32GB lọ. Ẹ máa kó nǹkan sí i, á máa gbà á, títí àyè gidi fi máa kún. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, orúkọ fáìlì ṣì máa wà níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá ṣí i, òfo ni. Ẹ ronú èsì ìdánwò táàmù mẹ́ta nínú irú ìyẹn. Fúláàṣì èyíkéyìí tí ẹ bá rà, níbikíbi, ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn àyè gidi inú fúláàṣì, dán an wò lórí Windows kí ẹ tó gbé iṣẹ́ sí i. 64GB gidi tó fún olùkọ́.

Ní ti yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn, kì í ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ nílé. Ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń ki nǹkan bọnu. Ní 2024, ìjọba ìlú Seoul ní Kòríà ṣàyẹ̀wò àwọn ọjà ọmọdé láti Temu, Shein àti AliExpress, wọ́n bá kẹ́míkà tó ju òṣùwọ̀n òfin lọ nínú àwọn kan. Ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ European Commission náà kéde pé nínú ìwádìí táwọn ṣe, ewu pọ̀ pé kí oníbàárà Temu bá ọjà tí kò bófin mu pàdé, wọ́n sì dárúkọ ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ àti ẹ̀rọ kéékèèké. Ẹ yọ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn náà. Ìpara àti àtíkè tí ẹ kò tíì fi sí i, ẹ má fi sí i: nọ́ńbà NAFDAC kò sí lára wọn.

Ìyókù, ẹ máa rà. Aṣọ tábìlì, ike, sálúbàtà, àwọn ni ọjà yẹn mọ̀ ọ́n tà. Ìwọ̀n nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí àwòrán máa ń sọ àwo kékeré di ọpọ́n. Ẹ fi tépù wọn tábìlì yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé bébà kí ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà bàtà yín. Ẹ má ka ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ kan àti méjì ni kí ẹ kà, pàápàá èyí tí oníbàárà fi fọ́tò tirẹ̀ sí. Aago tó ń sá lórí ojú ọjà pé ẹ̀dínwó máa tán ní wákàtí méjì, ẹ jẹ́ kó sá. Bí wọ́n bá sì ní owó yín kò tíì tó iye tí wọ́n fi ń gbé ọ́dà, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín kí ẹ jọ pa á pọ̀, dípò kí ẹ fi jágbajàgba kún un.

Ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè: láti ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kì í gba owó orí lórí ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Agbọ̀n yín kò súnmọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi WhatsApp tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ bá yín pé páálí yín há sọ́wọ́ àwọn, kí ẹ tẹ líǹkì kan kí ẹ san owó ìtúsílẹ̀, gbájúẹ̀ tí ọkọ yín ń sọ nìyẹn. Inú áàpù nìkan ni kí ẹ ti wo ibi tí ẹrù dé. Ẹ má fi káàdì àkáǹtì owó oṣù sanwó. Ẹ lo káàdì àkáǹtì mìíràn tí owó ọjà nìkan wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí páálí bá dé, kí ọmọ yín máa fi fóònù ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u, láti ìgbà tí orúkọ yín ṣì wà lára ọ̀rá ẹ̀. 90 ọjọ́ ni Temu fi sílẹ̀ fún dídá ọ̀pọ̀ ọjà padà, fídíò yẹn ló sì máa gbà yín lọ́wọ́ àríyànjiyàn. Bí wọ́n bá gbà láti dá owó padà, wọ́n máa bi yín bóyá kó wọ àpò yín lórí Temu tàbí kó padà sínú káàdì. Ti àpò máa ń yá, ṣùgbọ́n ọjà wọn nìkan lẹ lè fi rà. Ẹ mú káàdì.