Himoglóbìn 9 nínú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́: ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni?

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa níbí ni mò ń gbé, mo sì ń sin ewúrẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan nínú wọn, ewúrẹ́ pupa Sókótó tí mo rà lọ́wọ́ Fúlàní kan, ti lóyún. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú wọn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tí àwa èèyàn ń lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé himoglóbìn rẹ̀ jẹ́ 9.1, PCV rẹ̀ sì jẹ́ 28. Lẹ́tà L wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní tí aláboyún bá ní irú èsì yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nìyẹn. Aládùúgbò wa ní kí n ra oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi táwọn èèyàn ń lò, kí n máa fún un ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ yìí ń jẹun dáadáa, ó sì ń fò kiri. Ṣé kí n fún un? Báwo sì ni ẹ̀jẹ̀ tó kéré tó báyìí ṣe ń gbé e dúró?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ẹran o. Ewúrẹ́ yín á bímọ wẹ́rẹ́.

Ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le, himoglóbìn rẹ̀, ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn, máa ń wà láàárín gíráàmù 8 sí 12 nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀; PCV rẹ̀, ìyẹn ìpín tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ìpín 100 ẹ̀jẹ̀, a sì máa wà láàárín 22 sí 38. Àárín ibẹ̀ ni 9.1 àti 28 yín bọ́ sí. Ọmọ yín kò parọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ka aláboyún tí himoglóbìn rẹ̀ kò tó nǹkan bí 11 sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ìwọ̀n ti èèyàn nìyẹn. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò náà kò mọ̀ pé ewúrẹ́ ló ni ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n èèyàn ni wọ́n tò sínú rẹ̀, ohunkóhun tí kò bá sì dé ibẹ̀, L ló máa tẹ̀ sí i.

Ohun kan tún wà nípa ilé àyẹ̀wò yìí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ewúrẹ́ ló kéré jù nínú ti gbogbo ẹran ọ̀sìn wa. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 3 sí 4 lọ, tiwa sì lé ní 7. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀jẹ̀ èèyàn lè ṣi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kà, kódà ó lè kà á mọ́ ohun mìíràn. PCV náà gba sùúrù: ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń yí i ju ẹ̀jẹ̀ èèyàn lọ, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké yẹn tó lè tò mọ́ra wọn dáadáa. Nígbà mìíràn, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹranko. Gwagwalada ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko ti Yunifásítì Àbújá wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ “ewúrẹ́” gàdàgbà sára ìgò ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbọ́. A mọ̀ pé himoglóbìn ló ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, a wá rò pé ẹni tó bá ní jù ni ara rẹ̀ le jù. Gbígbé nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Mai ruwa tó kó jálá omi kún ọmọlanke, tó yí gbogbo Kubwa po, tí kò tú omi sí dúrọ́ọ̀mù ẹnì kan, òùngbẹ ni yóò pa àdúgbò. Iṣẹ́ himoglóbìn tí a kì í sọ ni pé kó mọ ibi tí yóò ti dì í mú àti ibi tí yóò ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹyọ himoglóbìn kan ní apá mẹ́rin. Irin kan ṣoṣo wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, irin yìí sì ni ọ́síjìn ń so mọ́. Max Perutz, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bó ṣe rí ní Cambridge, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962, ló jẹ́ ká rí i pé àwọn apá náà kì í dá ṣiṣẹ́. Bí ọ́síjìn bá ti so mọ́ ọ̀kan, àwọn yòókù á yí ìrísí padà, gbígba tiwọn á sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí ọ̀kan bá jọ̀wọ́ tirẹ̀, ó máa ń yá àwọn yòókù náà lára láti jọ̀wọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni ọ́síjìn ti pọ̀, torí náà ibẹ̀ ló ti ń kún. Tó bá dé ibi tí ẹran ara ti ń ṣiṣẹ́, ooru wà níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì wà níbẹ̀, omi ara ibẹ̀ sì ti kan díẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń mú kó jọ̀wọ́ ọ́síjìn. Christian Bohr, ará Denmark, fi ti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì hàn ní 1904.

Bí ó ṣe ń dì í mú tó yàtọ̀ láti ẹranko sí ẹranko. Àwa onímọ̀ máa ń wádìí ibi tí agbára ọ́síjìn máa wálẹ̀ dé kí himoglóbìn tó jọ̀wọ́ ìdajì ẹrù rẹ̀. Tiwa èèyàn wà ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́kúrì 27 (ohun tí a fi ń díwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ nìyẹn). Ti ewúrẹ́ fi díẹ̀ ga ju tiwa lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ó tètè ń jọ̀wọ́. Ti èkúté ilé tó nǹkan bí 40. Ara èkúté kéré, ooru sì ń tètè jáde lára rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa jó oúnjẹ láìdẹwọ́, nítorí náà ọ́síjìn gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kíá. Erin kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Himoglóbìn tirẹ̀ a máa di ẹrù mú ju tiwa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti llama, ìbátan ràkúnmí tó ń gbé lórí òkè Andes, níbi tó ga ju mítà 4,000 lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ìṣòro ibẹ̀ sì ni rírí ọ́síjìn gbé rárá. Jos tí a kà sí orí òkè níhìn-ín kò ju nǹkan bíi mítà 1,200 lọ, kò dé ibi tí ewúrẹ́ yóò ti nílò irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti ewúrẹ́ yín. Gíráàmù himoglóbìn kan lè gbé ọ́síjìn tó tó mílílítà 1.34. Èèyàn tó ní 14 á gbé nǹkan bíi mílílítà 19 nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Ewúrẹ́ yín á gbé nǹkan bí 12. Ṣùgbọ́n èèyàn tó jókòó jẹ́jẹ́ kì í lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó gbé, ìyókù á padà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ tó tètè ń jọ̀wọ́ á fi ìpín tó ju ìyẹn lọ sílẹ̀ nínú ìrìnàjò kan náà. Ẹ tún rántí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké yẹn: mílíọ̀nù 8 sí 18 ló wà nínú máíkírólítà kan, tiwa kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5. Bí wọ́n ṣe kéré tí wọ́n sì pọ̀ yẹn, awọ tí ọ́síjìn lè gbà jáde pọ̀ gan-an.

Nítorí èyí ni nọ́ńbà kan náà kì í fi í jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ ajá yín ló ní PCV 28, mi ò ní jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó gbé e wá, torí 37 sí 55 ni ti ajá. Ẹṣin tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹṣin tí ẹ ń rí níbi Durbar ní Kano, Zaria tàbí Katsina, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n kó pamọ́ sínú ọlọ inú. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ẹ̀rù bá ba ẹṣin, ọlọ inú á fún un jáde, PCV tó wà ní nǹkan bí 40 lè kọjá 60 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tó ń jà lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, èsì ọ̀tọ̀ ló máa rí.

Oyún inú ewúrẹ́ yín náà ní himoglóbìn tirẹ̀, èyí tó ń di ọ́síjìn mú ju ti ìyá rẹ̀ lọ. Bó ṣe ń rí ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn, bí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì tilẹ̀ kì í pàdé. Lẹ́yìn ìbí, ara ọmọ náà á pààrọ̀ rẹ̀. Oríṣi kan tí à ń pè ní himoglóbìn C á kọ́kọ́ pọ̀ lára rẹ̀, kó tó wá di ti àgbà. Ohun tó yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé tí ewúrẹ́ àgbà bá pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ara rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe himoglóbìn C yẹn.

Mo wá padà sórí oògùn tí aládùúgbò yín ní kí ẹ rà. Ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko kì í sábà ṣàìní irin, àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jò lára rẹ̀. Irin tó bá pọ̀ jù, inú ẹ̀dọ̀ ló máa ń dúró sí, á sì máa ba ibẹ̀ jẹ́. Òmíràn nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ náà tún ní bàbà (copper) nínú. Ewúrẹ́ lè fara dà á díẹ̀, àgùntàn ò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀: bàbà á máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí àmì kankan, títí yóò fi tú jáde lọ́jọ́ kan, táá fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa, ìtọ̀ ẹran náà á sì pọ́n bí obì. Ọ̀pọ̀ irú àgùntàn bẹ́ẹ̀ kì í yè. Bí ẹ bá ní ológbò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi paracetamol dán an wò láéláé. Himoglóbìn rẹ̀ tètè ń bàjẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè fọ́ oògùn yẹn; hóró kan péré tó láti pa á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe ni kí ẹ máa yẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ wò. Ẹ mú un jáde sínú oòrùn, kì í ṣe abẹ́ àtíbàbà. Ẹ fi àtàńpàkò kan rọra tẹ ìpéǹpéjú òkè, kí ẹ fi èkejì fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì wo inú rẹ̀ kíá kó tó pọ́n nítorí fífà. Àwọn dókítà ẹranko ní South Africa ti ṣe káàdì àwọ̀ márùn-ún kan tí à ń pè ní FAMACHA fún iṣẹ́ yìí. Tó bá pọ́n, tó wà ní ipò 1 tàbí 2, kò sí wàhálà. Ní 3, ẹ máa ṣọ́ ọ. Tó bá ti funfun dé 4 tàbí 5, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Haemonchus ni orúkọ rẹ̀, inú àpò ikùn kẹrin ló ń gbé. Kì í sábà mú kí ẹran yàgbẹ́ gbuuru, ẹ máa kàn rí i pé omi ń wú sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ewúrẹ́ pupa Sókótó kò sì lágbára tó ewúrẹ́ kúkurú ilé wa lórí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sammore. Òun náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ gbẹ, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti aràn pátápátá. Torí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ má sì fún èyí tí oyún rẹ̀ ṣì wà ní oṣù kìíní ní oògùn aràn tí à ń pè ní albendazole, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́.

Bó bá bímọ tán, ẹ máa wo ìpéǹpéjú yẹn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì. Àsìkò náà ni agbára tí ara fi ń bá aràn jà máa ń dín kù, tí ẹyin aràn á sì pọ̀ nínú ìgbẹ́. Kí ẹ máa gbá ilé ewúrẹ́ náà láràárọ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà máa jẹ koríko tí ìyá wọn ti yàgbẹ́ sí.